Ìlú Salvador Ti Kà Wọ́n Mọ́ Ọmọ Rẹ̀: Kí Ni Àwa Ará Kétu Yóò Wí?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe èyí tí a máa ń sọ ní gbangba láàárín wa, mo sì mọ̀ pé kò ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú. Ṣùgbọ́n ó ti wọ inú ìpàdé wa ná, a sì ti fi ìdákẹ́jẹ́ bò ó mọ́lẹ̀ bí ẹni pé ó ti tán.

Ní ìpàdé kan, a jókòó láti kọ lẹ́tà ìkíni-káàbọ̀ sí àwọn àlejò tí yóò ti ìlú Salvador ní Bahia wá, àwọn ọmọ ilé òrìṣà tí wọ́n ń pe ara wọn ní nação Ketu, èyíinì ni orílẹ̀ Kétu. Orúkọ mẹ́sàn-án ni ó wà nínú ìwé. Nígbà tí a ka orí ọ̀kan nínú wọn, ẹnì kan sọ pé òun ti gbọ́ pé ọkùnrin ni ọkùnrin náà ń bá gbé bí tọkọtaya, pé kò yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wọ ààfin. A jiyàn díẹ̀. Àgbà kan ní kí a fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, oúnjẹ ti ń tutù. Nígbà tí a tún ìwé náà kà lẹ́yìn oúnjẹ, orúkọ mẹ́jọ ni ó kù. Mo wà níbẹ̀, n kò sì wí nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń gún mi lọ́kàn.

Kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ìlú tí àlejò náà ti ń bọ̀ ṣe. Ní 1980, nígbà tí ìjọba ológun ṣì ń ṣe àkóso Bràsíl, àwọn kan ní Salvador dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Grupo Gay da Bahia. Luiz Mott, olùkọ́ ní yunifásítì tí ó jẹ́ onímọ̀ nípa àṣà àti ìtàn, ni ó ṣáájú wọn. Ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin tí ń fẹ́ ọkùnrin, àwọn obìnrin tí ń fẹ́ obìnrin, àti àwọn tí a bí lọ́kùnrin tí wọ́n ń gbé ayé bí obìnrin ni. Wọn kò fi ara pamọ́. Ní 1985, lẹ́yìn tí wọ́n ti kó ìbuwọ́lùwé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jọ, ìgbìmọ̀ àpapọ̀ àwọn oníṣègùn Bràsíl yọ ọ̀rọ̀ wọn kúrò nínú ìwé àìsàn. Ní 1987, ìlú Salvador fi òfin kéde pé ẹgbẹ́ náà jẹ́ ẹgbẹ́ tí ó ń ṣe ará ìlú láǹfààní. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1997, ìlú náà ṣe òfin mìíràn tí ó fi ìjìyà lélẹ̀ fún ilé ìtajà tàbí ilé-iṣẹ́ tí ó bá lé ènìyàn, tàbí tí ó bá yàn án jẹ, nítorí irú ẹni tí ó ń fẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ìwé ọdún 1987 náà sọ àti ohun tí kò sọ. Kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó fẹ́ ẹnikẹ́ni. Kò sọ fún àlùfáà pé kí ó so ẹnikẹ́ni pọ̀. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó yóò fi dé, ní 2011 àti 2013, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ àti ìgbìmọ̀ àwọn adájọ́ orílẹ̀-èdè ni ó sọ ọ́, kì í ṣe ìlú Salvador. Ohun tí ìlú náà sọ ni pé: àwọn wọ̀nyí wà láàárín wa, iṣẹ́ wọn wúlò fún wa, ẹ má ṣe wí pé a kò mọ̀ wọ́n. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ìlú ń fún ẹgbẹ́ aláàánú àti ẹgbẹ́ àdúgbò. N kò sì ní purọ́ fún yín pé ìwé náà mú ìpọ́njú kúrò. Ẹgbẹ́ kan náà yìí ni ó ń ka iye àwọn ènìyàn wọn tí a ń pa ní Bràsíl lọ́dọọdún, kò sì tíì sí ọdún tí kò rí ẹni kà.

Bí ọ̀rọ̀ yìí bá ṣòro láti yé wa, kò yẹ kí ó ṣòro láti yé ará Kétu tí ó mọ ìtàn àwọn ọmọ rẹ̀ ní òkè òkun. Ní àwọn ọdún 1920, ọ̀gá ọlọ́pàá kan wà ní Salvador tí wọ́n ń pè ní Pedrito. Orúkọ rẹ̀ ṣì ń ba àwọn arúgbó ilé òrìṣà nínú jẹ́. Òun àti àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ a wọ inú ilé candomblé, wọn a fọ́ ìlù, wọn a kó àwọn tí wọ́n bá níbẹ̀ lọ sí àgọ́. Àwọn ohun èlò òrìṣà tí ọlọ́pàá gbà, inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan náà tí wọ́n ń kó ohun ìjà àti ẹ̀yà ara àwọn ọ̀daràn sí ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ, wọ́n sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1976, ẹni tí ó bá fẹ́ lu ìlù fún òrìṣà ní Bahia gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá, bí ẹni pé ilé ọtí tàbí ilé tẹ́tẹ́ ni ó fẹ́ ṣí. Ọdún náà ni gómìnà fọwọ́ sí i pé kò sí ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní 1984, ìgbìmọ̀ tí ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Bràsíl gbà kí a kọ ilé Casa Branca, ilé Ìyá Nàsó, sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè. Òun ni ilé òrìṣà àkọ́kọ́ tí a ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ó kan àwọn mìíràn, títí tí ó fi kan ilé Alaketu, èyí tí ìtàn rẹ̀ sọ pé ọmọbìnrin ìdílé ọba Kétu, ìdílé Aro, tí àwọn ará Dàhòmì mú lẹ́rú, ni ó dá a sílẹ̀.

A ti yọ̀ lórí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí nínú ìwé ẹgbẹ́ wa lọ́pọ̀ ìgbà. A ti sọ pé ìlú Kétu tí Dàhòmì jó ní 1886, tí ó dá páropáro títí di 1894, kò kú, nítorí ó wà láàyè ní Bahia. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó gbé e dúró níbẹ̀?

Obìnrin ni àkọ́kọ́. Ní Casa Branca àti ní Gantois, obìnrin ni olórí, èyí kò sì pamọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Àwọn tí a kì í dárúkọ ni àwọn tí ó tẹ̀lé wọn. Ruth Landes, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, wá ṣe ìwádìí ní Salvador ní 1938 àti 1939. Ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1947, tí ó pè ní The City of Women, sọ ní gbangba pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkùnrin tí ń ṣe olórí ilé òrìṣà ní ìgbà náà jẹ́ ọkùnrin tí ń fẹ́ ọkùnrin. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan bínú sí i gidigidi. Kò ṣe ohun tí ìbínú wọn lè pa rẹ́. Àwọn ọmọ candomblé fúnra wọn ní orúkọ fún irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, adé ni wọ́n ń pè é. Ó jọ adé tí ọba ń dé, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a fi ìjọra ohùn kọ ìtàn; àwa tí a ń tọ́jú ìtàn ọba ni ó yẹ kí a ṣọ́ra jù nípa irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Joãozinho da Gomeia, tí ó kú ní 1971, wà lára àwọn bàbá olórìṣà tí òkìkí wọn kàn jù ní Bràsíl, kò sì fi irú ẹni tí òun jẹ́ pamọ́. Ilé Angola ni tirẹ̀, kì í ṣe ilé Kétu. Mo dárúkọ rẹ̀ kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe inú kọ̀rọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí wà.

Ẹ rántí pé nínú oko ẹrú, wọ́n ta bàbá sí ìhín, wọ́n ta ìyá sí ọ̀hún. Ìdílé ẹ̀jẹ̀ fọ́. Ohun tí àwọn ará wa fi rọ́pò rẹ̀ ni ìdílé òrìṣà: ẹni tí ó ṣe ọ́ ní òrìṣà ni ìyá rẹ, ẹni tí a ṣe ṣáájú rẹ ni ẹ̀gbọ́n rẹ, èyí tí ó tẹ̀lé ọ ni àbúrò. Ẹni tí kò bí ọmọ kan ṣoṣo nípa ti ara lè ní ọgọ́rùn-ún ọmọ nínú ilé, kí ó kọ́ wọn ní oríkì, ní orin, ní èèwọ̀, ní bí a ṣe ń kí àgbà. Nítorí náà, nígbà tí àwọn kan nínú ìpàdé bá sọ pé ìdílé ọba dúró lórí ọmọ bíbí, pé ẹni tí kò lè bímọ nínú ìfẹ́ rẹ̀ kò lè jẹ́ ara ogún wa, mo gbọ́ wọn, n kò sì fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, nítorí ọmọ ni èmi náà fi ń yangàn. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ gbogbo ẹni tí kò bímọ, àti gbogbo ẹni tí ń fẹ́ irú ara rẹ̀, kúrò nínú àwọn tí ó gbé orúkọ Kétu la igba ọdún kọjá ní Bahia, mélòó ni yóò kù tí a óò máa pè ní ọmọ wa?

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí ẹgbẹ́ tí ń sọ pé òun ń tọ́jú èdè àwọn baba wa mọ̀. Ní Bràsíl, àwọn tí a bí lọ́kùnrin tí wọ́n ń gbé ayé bí obìnrin, tí a ń pè ní travesti níbẹ̀, ní èdè àárín ara wọn tí wọ́n ń pè ní pajubá. Inú ilé candomblé ni wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde sí ìgboro, wọ́n sì ń fi í bá ara wọn sọ̀rọ̀ kí ọlọ́pàá má baà mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹ gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ilé ni ilê. Ọtí ni otim. Oúnjẹ ni ajeum, kò sì sí ẹni tí kò gbọ́ “ajẹun” nínú rẹ̀. Irọ́ ni equê, èké tiwa gan-an. Ọkùnrin ni ocó. Ohun tí ó bá dára, odara ni. Owó ni aqué. Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ tí ẹ ń bá àwọn Gùn ná ọjà lójoojúmọ́, mo mọ̀ pé ẹ ti rẹ́rìn-ín, nítorí akwɛ́ ni àwọn náà ń pè é títí di òní. Ní 2018, ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì tí gbogbo Bràsíl ń ṣe, tí wọ́n ń pè ní ENEM, béèrè ìbéèrè kan lórí pajubá. Jair Bolsonaro, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yàn sí ipò ààrẹ, bínú sí i ní gbangba.

Mo ronú púpọ̀ lórí èyí. Àwọn ọmọ tiwa wà ní Cotonou àti ní Paris tí kò lè fi Yorùbá sọ pé ebi ń pa wọ́n. A ń pe ìpàdé lórí rẹ̀, a ń fi owó sílẹ̀, a ń wá olùkọ́. Níbẹ̀, ní òdìkejì òkun, ẹni tí bàbá rẹ̀ lé jáde nílé, tí ó ń sun ojú títì, di “ajẹun” mú, ó sì fi kọ́ ẹni tí ó tún dé ojú títì lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó san owó iṣẹ́ fún un.

Àwọn tí ó ta kò mí sọ pé àṣà òyìnbó ni. Mo dá wọn lóhùn pẹ̀lú ìtàn kan láti ìlú Salvador kan náà. Ní 1591, nígbà tí aṣojú ilé-ẹjọ́ Inkisísíọ̀n ti Ìjọ Àgùdà ti Lisbon dé, ọkùnrin kan wá fẹ̀sùn kan ẹrú kan tí ń ṣe bàtà, Francisco Manicongo, pé ó ń ró aṣọ bí àwọn jinbandaa ilẹ̀ Kongo, pé ó sì kọ̀ láti wọ aṣọ ọkùnrin tí ó yẹ ẹ́. Luiz Mott ni ó wá àkọsílẹ̀ ẹ̀sùn náà rí ní Lisbon. Lónìí, Xica Manicongo ni wọ́n ń pè é, ẹgbẹ́ samba Paraíso do Tuiuti sì fi ìtàn rẹ̀ ṣe eré Kànáfà ní Rio ní 2025. Ará Kongo ni, kì í ṣe ará wa, n kò sì fẹ́ sọ ìtàn Kongo di ti Kétu. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí ó ti Yúróòpù wá nínú ìtàn náà: ẹni tí ó gbé ẹ̀sùn àti ilé-ẹjọ́ wá ni.

Ní ọ̀nà kejì, àwọn kan tí wọ́n gbè mí lẹ́yìn fẹ́ kí n lo Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Wọ́n ní, ṣé ọkùnrin kọ́ ni ó ń gbé aṣọ àti ọmú obìnrin wọ̀ láti fi bọ̀wọ̀ fún àwọn ìyá wa? Wọ́n ní, ṣé elégùn Ṣàngó kì í dirun bí obìnrin, tí a sì ń pè é ní ìyàwó òrìṣà? Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, UNESCO pàápàá ti mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ogún gbogbo ayé láti 2001. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni bíbọ̀wọ̀ fún ìyá nínú eégún, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ènìyàn ń fẹ́. N kò ní fi ohun mímọ́ gbe ọ̀rọ̀ tèmi lẹ́sẹ̀. Ohun tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lè sọ fún wa kò ju pé àwọn baba wa kò bẹ̀rù aṣọ.

Nípa ti ẹ̀sìn, Mùsùlùmí àti Kristẹni pọ̀ láàárín wa, ohun tí ẹ̀sìn kálukú bá sì pàṣẹ fún un, kí ó pa á mọ́ ní ilé rẹ̀. Ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe mọ́ṣáláṣí, kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì. A ti ń jókòó pọ̀ láti ọjọ́ tí ó ti pẹ́, onífá lápá ọ̀tún alfa, ní ìlú Àjàṣẹ́ tí mọ́ṣáláṣí ńlá rẹ̀ jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia, kò sì sí ẹni tí ó wó o.

Mo mọ òfin ilẹ̀ wa pẹ̀lú. Òfin ìdílé ti Benin sọ pé ọkùnrin àti obìnrin ni ó lè fẹ́ra. N kò ní kí ẹgbẹ́ wa bá ìjọba jà lórí èyí. Ní Tógò, òfin ọdún 2015 lè rán irú àwọn ènìyàn yìí lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 3. Ní Nàìjíríà, láti 2014, ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni fún ẹni tí ó bá ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ará Atakpamé, n kò ní kí ẹ sọ ohun tí yóò kó yín sí wàhálà. Ṣùgbọ́n òfin wo ní Benin ni ó sọ pé kí ẹgbẹ́ ìdílé pa orúkọ àlejò rẹ́?

Ní ìdàkejì, òfin tí ó jáde ní oṣù kẹsàn-án 2024 sọ pé ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Áfíríkà lè padà wá di ọmọ orílẹ̀-èdè Benin. Ìran ni òfin náà gbé karí. A pàtẹ́wọ́ fún un. A ní, ọmọ ń bọ̀ wálé. Lára àwọn tí yóò fi ìwé ìrìnnà Benin dé ibodè wa, àwọn adé Bahia yóò wà níbẹ̀, ìwé wọn yóò sì pé. Ṣé olùtọ́jú ibodè yóò wí fún wọn pé “ẹ káàbọ̀”, kí àwa tí a ń pe ara wa ní ẹbí wá bèèrè ẹni tí ń sùn nínú ilé wọn?

Ohun kan ṣì wà nínú ọkàn mi. Ní 2025, nígbà tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ṣe òfin lórí oyè ìbílẹ̀, tí wọ́n sì to àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí orílẹ̀-èdè mọ̀ sínú ìwé, ta ni nínú wa tí kò wá orúkọ ìlú rẹ̀? Mo rí àgbà tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tí ó ní kí ọmọ-ọmọ òun ka ìwé náà fún òun lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti mọ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀ pé ìlú òun jẹ́ ìlú ọba, kò nílò aṣòfin kankan láti sọ ọ́ fún un. Síbẹ̀ ó fẹ́ gbọ́ orúkọ náà.

Ohun tí mo ń bèèrè kò pọ̀. Kí a má ṣe wádìí yàrá ẹnikẹ́ni kí a tó kí i káàbọ̀. Kí ìwé ìrántí ọdún wa tí ń bọ̀, tí yóò sọ̀rọ̀ lórí Kétu ti Bahia, dárúkọ gbogbo àwọn tí ó gbé e ró, pẹ̀lú pajubá nínú abala èdè. Kí ẹni tí ó bá ní ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú ilé rẹ̀, wọ́n sì wà láàárín wa níhìn-ín, mọ̀ pé ẹgbẹ́ yìí kò ní ràn án lọ́wọ́ láti lé e jáde. N kò bèèrè ohun kankan lọ́wọ́ ààfin; ọ̀rọ̀ ààfin wà lọ́wọ́ àwọn ìjòyè, wọ́n mọ bí a ṣe ń gba àlejò jù wá lọ.

Lẹ́tà orúkọ mẹ́jọ náà kò tíì kúrò lọ́wọ́ akọ̀wé. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó dá a dúró, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ orúkọ kẹsàn-án sínú ètò ìpàdé tí ń bọ̀, kí á ka orúkọ náà sókè, kí ẹni tí ó bá fẹ́ yọ ọ́ dìde kí ó sọ ìdí rẹ̀. Ní ọ̀tẹ̀ yìí, èmi náà yóò sọ tèmi.